Bí A Ṣe Ń Gbára Dì fún Ìrìn West Highland Way: Ẹsẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Tọ́jú

Láti Milngavie lẹ́bàá Glasgow títí dé Fort William, kìlómítà 154 ni ọ̀nà West Highland Way nílẹ̀ Scotland. Láti ọdún 1980 tí wọ́n ti ṣí i ni àwọn èèyàn ti ń rìn ín, ọ̀pọ̀ ń lo bí ọjọ́ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Òkè kọ́ ló sábà ń dá wọn padà, òjò náà kọ́. Ẹsẹ̀ tó bó ni. Mo ti rí géńdé kan tó jókòó sí Balmaha, abúlé kan lójú ọ̀nà yìí, tó bọ́ bàtà, tó ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ka gbèsè sí lọ́rùn. Bàtà olówó gọbọi ni o. Àárọ̀ ọjọ́ tó gbéra ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Bàtà

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ ra bàtà, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa fi rìn gan-an ni kí ẹ mú dání. Bí nọ́ńbà yín bá jẹ́ 8, ẹ béèrè 8 àbọ̀ tàbí 9. Àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ wà níwájú ọmọ ìka tó gùn jù. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà bàtà ìrìn ló ní pátákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan nílẹ̀. Ẹ gùn ún, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀. Bí ọmọ ìka bá gbá iwájú bàtà, ẹ dá a padà fún wọn, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Ìsọ̀kalẹ̀ Conic Hill sí Balmaha ga, ti Devil's Staircase sí Kinlochleven gùn. Èékánná tó bá ń gbá bàtà títí dé ìsàlẹ̀ á dúdú, á sì bọ́.

Èmi ò fẹ́ràn bàtà awọ ńlá. Bàtà fúyẹ́fúyẹ́ tí àwọn tó ń sáré lórí òkè ń wọ̀ ni mò ń lò, èyí tí òkè rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀n. Bàtà tí wọ́n ní omi ò lè wọ̀ dára títí omi á fi gba ẹnu rẹ̀ wọlé, tí kò sì ní rọ́nà jáde mọ́. Aláwọ̀n á tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n á máa gbẹ bí ẹ ṣe ń rìn. Ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yẹ̀ lè ra bàtà gíga, n kò bá a jà. Èyí tó wù kí ẹ rà, ẹ fi rin kìlómítà 50 ó kéré tán, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, kí ẹ tó wọkọ̀ lọ Glasgow.

Ìbọ̀sẹ̀ òwú ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Òwú á fa omi mu, á mú kí awọ ẹsẹ̀ rọ̀, awọ tó bá rọ̀ ló ń bó. Ti irun àgùntàn ni kí ẹ rà: méjì fún ìrìn, ọ̀kan fún oorun. Ti oorun ò gbọdọ̀ jáde nínú àgọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́

Kí ìléròrò tó yọ, ó máa ń ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹ ó gbọ́ ìgbóná kékeré kan ní gìgísẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ìka. Lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ dúró. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dé orí òkè yẹn ná, ẹ má sọ pé ẹ ò fẹ́ dá ẹgbẹ́ dúró. Ẹni tí ojú tì láti dá ẹgbẹ́ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún lónìí ni ẹgbẹ́ máa dúró dè láti àárọ̀ dalẹ́ lọ́la.

Ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ẹ gbọn iyanrìn dànù, ẹ nu ẹsẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó lẹ téèpù mọ́ ibi tó ń gbóná. Gbẹ ni mo wí. Téèpù kì í lẹ̀ mọ́ awọ tútù. Á ká, ibi tó ká sí á sì dá egbò tirẹ̀ sílẹ̀. Téèpù zinc oxide, èyí tí wọ́n fi aṣọ ṣe fún ara èèyàn, ni kí ẹ lò, ẹ fi sáàsì gé igun rẹ̀ kó rí róbótó, kí ìbọ̀sẹ̀ má bàa rí etí rẹ̀ ká. Ara ọ̀pá ìrìn mi ni mo máa ń wé e mọ́, kí n má bàa máa tú àpò lójú ọ̀nà.

Àwọn kan ń ra ìpara ẹsẹ̀ olówó ńlá. Òrí tó wà nílé tó. Láàárọ̀, kí ẹ tó wọ ìbọ̀sẹ̀, ẹ fi pa àárín ọmọ ìka. Àmọ́ ibi tí òrí bá kàn, téèpù ò ní lẹ̀ níbẹ̀, ẹ yáa yan ọ̀kan.

Bí ìléròrò bá ti yọ tí kò dùn yín, ẹ má bẹ́ ẹ. Bó bá tóbi, tó sì wà níbi tí bàtà ń tẹ̀, ẹ fi ọtí apakòkòrò nu abẹ́rẹ́, ẹ gún un létí, kí omi rẹ̀ ṣàn jáde. Awọ òkè rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má ṣí i kúrò! Òun ni báńdéèjì tí ara fúnra rẹ̀ ṣe. Ẹ wá bò ó. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ò gbọdọ̀ gún un fúnra rẹ̀, bó bá sì ti ń pọ́n tó ń ṣọyún, ó ti di ti dókítà.

Ẹrù

Kílò 10, tòun ti omi àti oúnjẹ. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n, nítorí ẹsẹ̀ yìí kan náà ló máa gbé e. Ohun tó wúwo ni kí ó súnmọ́ ẹ̀yìn. Ìbòrí òjò tí wọ́n ń tà mọ́ àpò ò wúlò tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ Rannoch Moor, pápá gbalasa kan lójú ọ̀nà, á ká a. Ọ̀rá nípọn tí àwọn bíríkìlà ń kó àwókù sí ni kí ẹ tẹ́ sínú àpò, kí ẹ sì di ẹnu rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ wà tó ń bá èèyàn gbé ẹrù láti ilé ìtura dé ilé ìtura. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Oúnjẹ ò le. Gààrí, ẹ̀pà àti wàrà oníyẹ̀fun ni tèmi lọ́sàn-án. Kò gba iná.

Láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹsàn-án, kantíkantí ibẹ̀ ń bu èèyàn jẹ, pàápàá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ ò bá fẹ́. Ẹ ra àwọ̀n ìbojú, kò wọ́n. Ẹ pàgọ́ síbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, ẹ má pa á sí kòtò. Bí ẹ bá sì fẹ́ pàgọ́ ní etí ìlà-oòrùn adágún Loch Lomond láàárín ọjọ́ 1 oṣù kẹta àti ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ń béèrè ìwé àṣẹ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbà á, ilé sì ni kí ẹ ti gbà á.