Ẹ fẹ́ ta igi ìdáná ní New York? Ẹ kọ́kọ́ bi kọ́sítọ́mà ibi tó ti fẹ́ fi dáná

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tẹ́ ẹ wà ní New York, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ṣàgámù tẹ́ ẹ ti ń palẹ̀ mọ́, mo rí i pé àwọn èèyàn wa ti ń wọ bísínẹ́ẹ̀sì igi ìdáná, ó sì dáa, torí ẹni tó dàgbà sídìí sọ́míìlì, tó tún mọ bí iná ṣe ń rí níbi tí ìyá ẹ̀ ti ń yan gàrí, ta ló fẹ́ kọ́ ọ nípa igi? Sales tax, ìyẹn owó-orí lórí ọjà títà, ló máa ń da gbogbo ẹ̀ rú.

Nílé, ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ló máa wá bá yín nídìí ọjà, ẹ ẹ́ jọ fa ọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ ẹ́ san án, ó parí. Níbí, ẹnì kankan ò ní wá. Ẹ̀yin gan-an lẹ di agbowó-orí: ẹ máa lé e lórí owó ọjà, kọ́sítọ́mà á san án, ẹ̀yin á wá fi ránṣẹ́ síjọba. Owó ìjọba ló wà lọ́wọ́ yín yẹn o, ẹ má fi rapo sọ́kọ̀, ẹ má sì fi ra aṣọ Ojúde Ọba.

Kẹ́ ẹ tó ta ẹ̀là igi kan, ẹ gba Certificate of Authority, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gba sales tax, lọ́wọ́ New York State Department of Taxation and Finance, iléeṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ náà, ó kéré tán ọjọ́ 20 kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ọ̀fẹ́ sì ni, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mówó wá, owó ara ẹ̀ ló ń wá. Ẹni tó bá ń tà láìní in, pẹ́nátì ẹ̀ lè dé 10,000 dọ́là.

Ó wá ku ibi tọ́rọ̀ wà gan-an. Igi kan náà ni o, àmọ́ ẹni tó rà á ló máa sọ iye táàsì ẹ̀. Tí ẹnì kan bá fẹ́ fi mú ilé ara ẹ̀ gbóná, ìpínlẹ̀ New York ti yọ̀ǹda ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣì ń gba tiwọn, New York City sì wà lára wọn, 4.5 ni wọ́n ń gbà. Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ló rà á, gbogbo 8.875 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa san. Ẹ jẹ́ ká sọ pé igi 400 dọ́là ni: màmá tó fẹ́ fi mú pálọ̀ ẹ̀ gbóná ní Bronx máa fi 18 lé e, ẹni tó ń sun súyà tà ládùúgbò kan náà máa fi 35.50 lé e. Ẹ jẹ́ kí màmá yẹn bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù TP-385, èyí tó fi ń jẹ́rìí pé ilé ló ti fẹ́ lo igi náà, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀ dáadáa, torí tí wọ́n bá wá yẹ ìwé yín wò tẹ́ ẹ ò rí i mú jáde, àpò yín ni wọ́n á ti yọ ìyókù, ẹ sì mọ̀ pé Ìjẹ̀bú kì í fowó ṣeré.

Ibi tẹ́ ẹ gbé igi lọ nirú táàsì yẹn ń tẹ̀lé, kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ kó o sí. Owó ọkọ̀ náà ń jẹ táàsì o: tẹ́ ẹ bá gba 40 dọ́là lọ́wọ́ onísúyà fún gbígbé e dé, orí 440 lẹ máa ṣírò lé, 39.05 nìyẹn.

Igi tẹ́ ẹ bá rà láti tún tà, ẹ fún ẹni tó tà á fún yín ní fọ́ọ̀mù ST-120, kò ní gba táàsì lọ́wọ́ yín. Ayùn ẹ̀rọ ò sí nínú ìyẹn, ẹ ẹ́ san táàsì ẹ̀ pé.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ń jábọ̀ sales tax fún ìjọba, ti March sí May, June 20 ló gbọ́dọ̀ wọlé. Tí ooru bá mú tẹ́nì kankan ò ra igi, ẹ ṣì jábọ̀ pé òdo ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ 50 dọ́là ti lọ nìyẹn fún ọjà tẹ́ ẹ ò tà.

Èyí kì í ṣe táàsì, àmọ́ ó lè gba igi lọ́wọ́ yín: torí àwọn kòkòrò tó ń ba igbó jẹ́, igi tí wọn ò fi ooru pa kòkòrò inú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ rìn ju máìlì 50 lọ síbi tí wọ́n ti gé e, ìwé tó sọ ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá a rìn. Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé kọjá bẹ́ẹ̀, ooru ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dé 160°F fún ìṣẹ́jú 75, kí ìwé ẹ̀rí ẹ̀ sì wà nínú ọkọ̀.