Bí Àlejò Ṣe Lè Gbé ní Abúlé Kékeré ní Uttar Pradesh

Ẹni tí ó bá fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní abúlé ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, ní àríwá orílẹ̀-èdè Íńdíà, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè lọ sí ilé àwọn òbí rẹ̀, kò yẹ kí ó máa béèrè bóyá iná tàbí omi wà. Wọ́n wà. Ohun tí ó yẹ kí ó bi onílé ni ìgbà tí wọ́n máa ń dé, nítorí pé ohun amáyédẹrùn kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní wákàtí tirẹ̀.

Kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ jẹ́ kí onílé mú yín lọ kí pradhan, ìyẹn olórí abúlé. Ẹ má ṣe rò pé ó dà bí baálẹ̀ tiwa, torí ìbò ni wọ́n fi ń yàn án fún ọdún 5, àtúnṣe òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1993 sì ya ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta irú ipò bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún obìnrin. Onílé tí ó gba ará ilẹ̀ òkèèrè sílé tún gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ tó ìjọba létí láàárín wákàtí 24, lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní Form C tẹ́lẹ̀. Ẹ rán an létí, ó lè má gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ rí.

Omi ni ó gba ìṣọ́ra jù. Láti ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń fa omi ẹ̀rọ dé inú ilé àwọn ará abúlé, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, wákàtí díẹ̀ lóòjọ́ ni ó fi ń ṣàn, nítorí náà, ẹ pọn ún sínú garawa ní kété tí ó bá dé. Pọ́ǹpù tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ náà wà káàkiri. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ara rẹ̀: ní àwọn agbègbè kan lẹ́bàá odò Ganga, májèlé arsenic wà nínú omi abẹ́ ilẹ̀, ọ̀dà pupa ni wọ́n sì fi ń sàmì sí pọ́ǹpù tí omi rẹ̀ kò ṣeé mu. Ẹ lè fi fọ aṣọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi se oúnjẹ, nítorí pé bí omi náà hó títí, arsenic kò ní kúrò nínú rẹ̀. Nínú ilé, bí wọ́n bá fi lota, ìkòkò irin kékeré kan, bu omi fún yín, ẹ gbé ojú sókè, kí ẹ máa da omi náà sí ọ̀nà ọ̀fun láìjẹ́ kí ètè kan ẹnu rẹ̀, torí ohun tí ẹnu ẹnìkan bá ti kàn, ẹlòmíràn kì í fẹ́ fi mu omi mọ́. Aṣọ yín yóò kọ́kọ́ tutù o, kò burú.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a ń lóṣòó sí ni ó wọ́pọ̀, omi ni a sì fi ń ṣan ìdí. Ọwọ́ òsì ni fún ìyẹn, ọwọ́ ọ̀tún fún oúnjẹ. Ọmọ Yorùbá kò nílò ẹ̀kọ́ lórí èyí.

Agbára iná wọn kò yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà, àmọ́ ihò róbótó ni ihò iná wọn, ṣájà wa ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ kò ní wọ̀ ọ́. Sílíńdà gáàsì oníkílò 14.2 wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìdáná, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ṣì ń fi igi àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ dáná kí gáàsì má baà tètè tán. Ara ògiri ni wọ́n máa ń lẹ ìgbẹ́ náà mọ́ kí ó gbẹ, ojú ìka ọwọ́ a sì hàn lára rẹ̀ kedere. Ẹ wò kí ẹ tó fẹ̀yìn ti ògiri.

Fóònù ni wọ́n fi ń sanwó lọ́dọ̀ alátíì pàápàá, ṣùgbọ́n ẹ di owó rupee wẹ́wẹ́ dání fún ọjà ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Lórí ìlera, ẹ béèrè obìnrin tí wọ́n ń pè ní ASHA, òṣìṣẹ́ ìlera tí ètò ọdún 2005 fi sí àwọn abúlé, kí ó sọ ilé ìwòsàn tí ó ní abẹ́rẹ́ tí ń pa oró ejò fún yín. Ejò kan wà, krait, tí ó máa ń ṣán ènìyàn lójú oorun, ojú ibi tí ó ṣán kì í sì fi bẹ́ẹ̀ dunni. Ẹ sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, kí ẹ ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má sín ojú ibẹ̀ ní gbẹ́rẹ́, ẹ má dì í lókùn. Ẹ pe 108 fún ọkọ̀ aláìsàn.