Egbò ẹsẹ̀ kan, kóòdù mẹ́fà

Houston ni mo ti ń kọ kóòdù àìsàn, àmì tí ìnṣọ́ránsì fi ń mọ àìsàn tí a tọ́jú, fún ilé ìwòsàn kékeré kan. Fáìlì tó wà níwájú mi jẹ́ ti bàbá àgbàlagbà kan. Dókítà ti fi abẹ gé ẹran òkú kúrò lójú egbò rẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé: àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, egbò ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn kíndìnrín ìpele 3b, ó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì.

Ọ̀lẹ á kọ E11.9 fún àtọ̀gbẹ, á fi I10 ti ẹ̀jẹ̀ ríru tì í, ó parí. Ṣùgbọ́n E11.9 ń sọ pé àtọ̀gbẹ náà kò tíì ba nǹkan kan jẹ́ lára. Ta ló fẹ́ fọwọ́ sí irú irọ́ bẹ́ẹ̀? E11.621 ni ti àtọ̀gbẹ tó di egbò ẹsẹ̀, ICD-10-CM, ìwé kóòdù àìsàn tí Amẹ́ríkà ń lò, sì ní kí a fi kóòdù L97 tẹ̀lé e, kó sọ ibi tí egbò wà àti bó ṣe jìn tó. Lábẹ́ ICD-9, ìwé àtijọ́ tí Amẹ́ríkà pa tì ní October 2015, ọ̀tún tàbí òsì kò kan kóòdù egbò ẹsẹ̀ rárá.

Dókítà kò sọ bó ṣe jìn tó. Bó bá jẹ́ awọ nìkan ló bó, L97.511 ni, bí ọ̀rá bá ti yọjú, L97.512. Àwòrán egbò náà wà nínú fáìlì, mo sì rí ọ̀rá níbẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ kóòdù kọ́ ló ń wọn egbò. Mo kọ̀wé sí dókítà: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo gan-an lẹ́sẹ̀ ni egbò yìí wà, báwo ló sì ṣe jìn tó?” Mi ò dárúkọ ọ̀rá, kí n má baà fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Ó fi kún un: abẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ọ̀rá ti hàn. L97.512 nìyẹn.

Ti kíndìnrín kò pẹ́. Òfin gbà pé àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru tan mọ́ ọn, àfi tí dókítà bá ní kò rí bẹ́ẹ̀. E11.22 nìyẹn fún àtọ̀gbẹ tó kan kíndìnrín, I12.9 dípò I10 fún ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú àrùn kíndìnrín, lẹ́yìn náà N18.32 fún ìpele 3b. Z79.4 fún ínsúlínì ló gbẹ̀yìn.

Lórí CMS-1500, fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè owó lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì, mo fi E11.621 ṣe A nínú àpótí 21, L97.512 ṣe B, mo sì kọ AB sí àpótí 24E, tó ń sọ àìsàn tí a torí rẹ̀ ṣe iṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 11042, kóòdù iṣẹ́ abẹ náà. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń fẹ̀sọ̀ ṣe jù, torí 11042 ń sọ pé abẹ dé abẹ́ awọ. Ká ní L97.511 ló wà níbẹ̀ ni, àwọn ìnṣọ́ránsì á béèrè ohun tí abẹ ń wá lọ́hùn-ún nígbà tó jẹ́ pé awọ nìkan ló bó.