Bí Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ṣe Lè Fìdí Kalẹ̀ ní Ọdún Àkọ́kọ́ ní Ìlú Ọba

Kí ọ̀rọ̀ lílọ sí Ìlú Ọba tó gba ẹnu gbogbo ilé kan láti Ọjà Jagun títí dé Sábó, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti mọ bí a ṣe ń gbé ilẹ̀ onílẹ̀. Àwọn bàbá àti ìyá wa ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì, ní Kánò àti ní Tàmálè lórílẹ̀-èdè Gánà; wọ́n gbọ́ èdè àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n kọ́lé, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó fi Gánà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti pẹ́ níbẹ̀, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù àti ilé, ni ó di ẹrù rẹ̀ lójijì. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá ń múra ìrìn àjò pé kí ó tún ìwé rẹ̀, ilé rẹ̀ àti ìlera rẹ̀ ṣe kí ó tó wá ohun mìíràn, nítorí àwọn mẹ́ta yìí ni yóò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ láti rìn kiri, kí ó sì gbádùn ibi tí ó lọ.

Láti ìparí ọdún 2024 ni ìwé ìgbélùú orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní eVisa ti rọ́pò káàdì tí Ìlú Ọba máa ń fún àlejò tẹ́lẹ̀. Lórí ojú òpó ìjọba wọn fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti ṣí àkáǹtì yín, kí ẹ sì so nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù yín mọ́ ọn. Bí ẹ bá gba pásípọ́ọ̀tù tuntun lẹ́yìn náà, ẹ padà síbẹ̀ lọ yí nọ́ńbà náà, kí wọ́n má baà dá yín dúró ní pápákọ̀ òfurufú. Inú àkáǹtì yìí kan náà ni ẹ ó ti gba nọ́ńbà tí ẹ ó fi han ọ̀gá iṣẹ́ tàbí onílé pé ìjọba gbà yín láàyè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lọ gba oyè ní yunifásítì kò sábà ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ju iṣẹ́ wákàtí 20 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ó ti wù kí ẹni tí ó fẹ́ gbà á síṣẹ́ rọ̀ ọ́ tó. Owó wákàtí díẹ̀ kò tó ohun tí ènìyàn lè fi físà rẹ̀ ṣòfò.

Ní ti ilé, ẹ má ṣe fi owó ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ fún ilé tí ẹnì kankan tí ẹ fọkàn tán kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ̀; àwòrán dáradára lórí fóònù kì í ṣe ẹ̀rí. Ó sàn kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọ̀ sọ́dọ̀ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́, kí ẹ sì fi ojú ara yín wo yàrá. Ilé gbígbà tibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, níbi tí onílé ti ń gba owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣooṣù ni wọ́n sábà máa ń san án, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì gba onílé láyè láti gba ìdógò, ìyẹn owó tí ó ń mú dání nítorí ohun tí ó bá bàjẹ́, tí ó ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Láàárín 30 ọjọ́ tí ó bá gbà á, ó gbọ́dọ̀ ti fi ìdógò náà sí abẹ́ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹ béèrè ẹ̀rí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì ya àwòrán gbogbo ògiri àti ilẹ̀ yàrá lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé.

Lọ́sẹ̀ kan náà ni kí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò, kí ara yín tilẹ̀ le bí ọta. Wọn kì í gba owó fún ìforúkọsílẹ̀ yìí. Nílé, ènìyàn lè jí lọ sí ilé ìwòsàn Bowen kí ó sì tò títí yóò fi kàn án, ṣùgbọ́n níbẹ̀, dókítà àdúgbò ni ẹ ó kọ́kọ́ pè, òun ni yóò sì darí yín sí ilé ìwòsàn ńlá bí ó bá yẹ. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ó yẹ kí ẹ lọ, 111 ni nọ́ńbà tí ẹ ó pè. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, 999 ni. Ẹ má sì retí pé ẹ ó ra oògùn apakòkòrò ní kẹ́mísì bí a ṣe ń rà á nílé, nítorí wọn kì í sábà tà á fún ẹni tí dókítà kò kọ ìwé fún.

Òtútù ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lé lórí jù. Ọyẹ́ tí ó ń la ètè wa ní oṣù Ṣẹẹrẹ kò fi ara jọ òtútù tibẹ̀ rárá, nítorí oòrùn ọ̀sán máa ń gbà wá lọ́wọ́ ọyẹ́, ṣùgbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù Ọ̀pẹ, oòrùn lè wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, kì í sì í yọ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Òkùnkùn yìí gan-an ni ó ń mú ọkàn ọ̀pọ̀ àlejò rẹ̀wẹ̀sì ju òtútù lọ, pàápàá ẹni tí ó ń lọ síṣẹ́ nínú òkùnkùn tí ó tún ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nínú òkùnkùn. Ẹ jáde síta ní ọ̀sán lójoojúmọ́, kódà bí ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kí ojú yín rí ìmọ́lẹ̀. Awọ ara wa dúdú, oòrùn tibẹ̀ kò sì lágbára tó láti fún wa ní fítámì D. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn ìjọba wọn fi gba àwọn aláwọ̀ dúdú nímọ̀ràn pé kí wọ́n ronú lílo máíkírógíráàmù 10 rẹ̀ lójoojúmọ́ jálẹ̀ ọdún. Ní ti aṣọ, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ léra wọn ń mú ara móoru ju ẹ̀wù ńlá kan ṣoṣo lọ, ibẹ̀ sì ni ó ti dára jù láti ra kóòtù àti bàtà tí omi kì í wọ̀. Bí ẹ bá ń sá aṣọ sínú yàrá, ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀, kí ọ̀rinrin má baà mú kí ògiri bu, kí ó sì dúdú.

Èlùbọ́ láfún àti gàrí lè bá yín lọ, ṣùgbọ́n ẹran gbígbẹ àti wàrà kò gbọ́dọ̀ sí nínú ẹrù, nítorí òfin wọn kò gba ẹran àti ohun tí a fi wàrà ṣe wọlé láti ilẹ̀ wa. Ẹ̀rọ tí ń ké bí èéfín bá rú wà lára àjà ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, ata díndín sì tó láti mú un ké. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ẹ má ṣe yọ bátìrì rẹ̀ láé, nítorí òun ni yóò jí yín bí iná bá ṣẹ́ lóru.

Àwọn òbí tí ó ń kó ọmọ lọ gbọ́dọ̀ fetí sí èyí dáadáa. Láti ọdún 2020 ni òfin Scotland ti ka nínà ọmọ léèwọ̀ pátápátá, tí Wales sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2022. Ní England pàápàá, ìyà tí ó bá fi àpá sára ọmọ lè gbé òbí dé ilé ẹjọ́. Ẹ bá ọmọ sọ̀rọ̀, ẹ fi ohun tí ó fẹ́ràn dù ú nígbà tí ó bá ṣẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí olùkọ́ rẹ̀ mọ̀ pé ọmọ tí ó tẹjú mọ́lẹ̀ nígbà tí àgbà ń bá a sọ̀rọ̀ ń bọ̀wọ̀ fún un ni, kò fi nǹkan pa mọ́. Nínú ilé tiyín, kí ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ má ṣe parẹ́.

Nígbà tí àwọn nǹkan wọ̀nyí bá ti lójú, ẹ má ṣe jókòó sínú yàrá láàárín iṣẹ́ àti ibùsùn. Ẹ wá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláàṣì yín kí àárò ilé tó mú yín, kí ẹ sì kí aládùúgbò kódà bí kò bá dáhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìgbádùn ìlú tuntun ń bẹ lọ́fẹ̀ẹ́: ilé ìkàwé àdúgbò kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́, ẹnu ọ̀nà British Museum náà sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láìsan owó ìwọlé, níbi tí ẹ ti lè rí orí idẹ kan láti Ilé-Ifẹ̀. Bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò gba owó bébà tàbí owó onírin mọ́ láti ọdún 2014, nítorí náà ẹ mú káàdì bánkì dání. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú tó jìnnà, ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí ó sábà máa ń wọ́n bí ọjọ́ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ rántí pé ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wa ọkọ̀ sí níbẹ̀, nígbà tí àwa ti kúrò lórí ọwọ́ òsì láti ọdún 1972. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó sọdá títì.

Ní ti ìyá àti bàbá tí ó wà nílé, ẹ bá wọn fi ẹnu kò sí iye tí ẹ ó máa fi ránṣẹ́ àti ọjọ́ tí ẹ ó máa pè, kí ẹ sì sọ òótọ́ iye tí owó ilé àti owó iná ń gbà lọ́wọ́ yín fún wọn. Láti ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Ẹrẹ́nà títí di ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Ọ̀wàrà, aago tiyín àti tiwọn yóò bá ara wọn mu. Lẹ́yìn náà ni ti Ògbómọ̀ṣọ́ yóò fi wákàtí kan ṣáájú, nítorí náà ẹni tí ó bá pe ilé ní aago mẹ́wàá alẹ́ nínú ìgbà òtútù ń jí àgbàlagbà ní aago mọ́kànlá.