Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí fóònù tí ẹ fi ń wá sunkún ní ṣọ́ọ̀bù mi

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ eléyìí, ẹ má retí kí ohùn mi dùn. Lánàá ni ìyá kan gbé fóònù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, n'Ìbàdàn níbí. Ó ti ná ₦9,000 sórí pọ́ọ̀ṣì aláwọ, ó ti ná ₦4,000 sórí gíláàsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Ara fóònù ń dán bí ẹyin. Àmọ́ kò tàn mọ́. Mo ní, "Mà, ṣé àwọn fọ́tò inú ẹ̀ wà níbòmíì?" Ó wò mí bí ìgbà tí mo bi í léèrè ibi tó sin ìwọ́ ọmọ rẹ̀ sí.

Iṣẹ́ fóònù títún ṣe ni mo fi ń jẹun. Lọ́dún 2004 ni mo wọṣẹ́ ní Computer Village n'Ìkẹjà, ní Ọ̀tígbà, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kì í rẹ́rìn-ín àfi tí oníbàárà bá ti sanwó tán. GSM kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ ní Nàìjíríà nígbà yẹn. Ẹ ó rántí pé nígbà tó kọ́kọ́ dé lóṣù kẹjọ ọdún 2001, ₦50 ni ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, owó ìṣẹ́jú kan gbáko lẹ máa san. Àwọn èèyàn máa ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ sínú ìwé kí wọ́n tó pè. Àwọn èèyàn ọ̀hún náà ló wá ń fi dátà gba fídíò ajá tó ń jó báyìí.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

1. Ìrẹsì. Ẹ dákun, ìrẹsì kì í ṣe oògùn. Bí fóònù bá já sómi, ẹ pa á, ẹ yọ síìmù, ẹ má ki ṣájà bọ̀ ọ́, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà gan-an. Omi nìkan kọ́ ló ń ṣe bọ́ọ̀dù léṣe. Iyọ̀ àti ìdọ̀tí tó wà nínú omi ló ń jẹ bàbà orí ẹ̀, tí á sì hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Iná tí ẹ bá sì fi sí i ló ń mú kí ìjẹ náà yá. Ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ fi sin ín sínú ìrẹsì, ọjọ́ mẹ́ta ni ìpẹtà fi ń jẹun. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ ó wá gbé e fún mi pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú ìrẹsì lẹ́nu ihò ṣájà, tí màá máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọ̀n ọ́n jáde. Arákùnrin kan tiẹ̀ gbé tiẹ̀ wá nínú ìrẹsì ọ̀fadà. Ó ní wọ́n sọ fóun pé ó lágbára ju ti òkèèrè lọ.

2. Bátìrì tó bá wú, ẹ má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ó lè gbiná. Ó tán.

3. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń jí dátà mi." Mo máa ń gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé fóònù wá, ó ní 5GB tán lọ́jọ́ mẹ́sàn-án, òun sì fẹ́ kí n kọ lẹ́tà bá òun. A jọ ṣí Settings, a wo ẹni tó jẹ dátà. WhatsApp ni. Bàbá wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp 19: ẹbí ìyá, ẹbí bàbá, ìjọ, àdúgbò, ẹgbẹ́ ọmọléèwé, ẹgbẹ́ àwọn tó kúrò nínú ẹgbẹ́ ọmọléèwé nítorí ìjà. Gbogbo fídíò tí ẹnikẹ́ni bá jù síbẹ̀, fúnra ẹ̀ ló ń wọlé, bàbá ì báà wò ó, kó má wò ó. Ẹ lọ sí Storage and data nínú WhatsApp, ẹ pa Media auto-download. Ẹ tẹ *323# kí ẹ máa rí iye tó kù. Inú bàbá kò dùn rárá. Olè ló fẹ́ kó jẹ́.

Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó máa ń kí gbogbo ẹbí kú àárọ̀ pẹ̀lú àwòrán òdòdó. Láti ọdún 2020 ni WhatsApp ti ṣe é pé ohun tí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lẹ lè fi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Kò dí wọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní sùúrù; á fi ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ kò wò ni pé òdòdó wọ̀nyẹn ń jókòó sínú fóònù yín. Nígbà tí fóònù bá wá kígbe pé òun ti kún, kí lẹ máa ń pa rẹ́? Fídíò. Nítorí pé òun ló tóbi jù. Fídíò ọjọ́ tí ọmọ kọ́kọ́ rìn á wá lọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin "ẹ kú àárọ̀" á ṣì wà níbẹ̀. Mo ti rí i rí, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan.

4. Ibí ni ọ̀rọ̀ mi wà, ẹ fara balẹ̀. Ara fóònù lẹ ń náwó lé, ẹ kì í náwó lé inú ẹ̀. Ojú kan ṣoṣo lẹ kó gbogbo ayé yín sí.

Láyé fóònù oníbọ́tìnnì, iṣẹ́ wa rọrùn. Orúkọ bíi 250 ló wà lórí síìmù. Fóònù kú, orúkọ yè, ẹ ki síìmù bọ fóònù míì, ó parí. Fóònù ìsinsìnyí ń ti ohun inú ẹ̀ pa. Bí mo yọ ṣíìpù tí fáìlì wà nínú ẹ̀, tí mo gbé e sórí ẹ̀rọ míì, jágbajàgba ni màá rí, torí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lára ọpọlọ fóònù náà gan-an. Bí ọpọlọ ọ̀hún bá sán, kò sí Yahoo, kò sí hákà, kò sí "ẹ gbé e lọ Ìkẹjà" tó lè ṣí i. Ẹni tó bá ní òun á bá yín ṣí i, owó yín ló fẹ́ ṣí.

Dẹ́rẹ́bà kan gbé irú ẹ̀ wá bá mi. Ọkọ̀ ti gun fóònù kọjá, bọ́ọ̀dù ṣẹ́ sí méjì. Mo ní kó lọ ra òmíì. Ó ní kì í ṣe fóònù lòun ń wá. Ìyá ẹ̀ tó ṣaláìsí máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i láràárọ̀ kó tó gbé mọ́tò jáde, bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Ìyá á ki oríkì ẹ̀ délẹ̀, tó bá kì í tán, á wá ní, "Àjàní, ṣé o ti jẹun?" Ó ní èyí tó kẹ́yìn yẹn gan-an lòun fẹ́ gbọ́, oríkì nìkan kọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba iye tó bá wù yín."

Mo bi í pé fóònù ìyá ńkọ́? Torí ohùn tí èèyàn bá fi ránṣẹ́, ó wà lórí fóònù ẹni tó fi ránṣẹ́ náà. Ó ní ìyẹn ti lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú tí wọ́n pín ẹrù, àbúrò kan ló mú fóònù, ó sì ti nu gbogbo inú ẹ̀ kó lè fún ọmọ ẹ̀ tó wọ JSS1.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, a ti mọ bí a ṣe ń pín aṣọ òkú. A mọ ẹni tí ìró tọ́ sí àti ẹni tí wọ́n máa fún ní ìlẹ̀kẹ̀. Ta ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń pín fóònù? Ẹ jẹ́ kí ó kéré tán jẹ́ oṣù kan kí ẹnikẹ́ni tó nu ún. Ẹ kó ohùn inú ẹ̀ jáde. Ẹ máa fi owó díẹ̀díẹ̀ sórí síìmù náà, torí nọ́ńbà tí kò bá ṣiṣẹ́ fúngbà pípẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á gbà á padà, á sì tà á fún ẹlòmíì. Ẹ ó pe nọ́ńbà ìyá yín lọ́jọ́ kan, bọ̀dá kan á ní "ta ni?"

Fóònù dẹ́rẹ́bà yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ mi títí di òní. Kò wá gbà á. Ó sì ní kí n má dà á nù.

Kí ẹ má baà rò pé mo gbọ́n jù yín lọ: ní 2016, mo ra fóònù tuntun, mo fọwọ́ ara mi nu ti àtijọ́, mo tà á. Orí ọ̀kadà ni mo wà nígbà tí mo rántí pé fídíò ìkómọ àkọ́bí mi wà nínú ẹ̀, níbi tí màmá mi ti ń fi oyin tọ́ ọmọ lẹ́nu wò. Èmi tí mo ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn láti kó fáìlì láti fóònù kan sí òmíì! Ọjọ́ méjì ni ìyàwó mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó pè mí ní "Ẹnjiníà". Títí di ìsinsìnyí, bí iyọ̀ bá tán nílé tí n kò rántí rà á bọ̀, "Ẹnjiníà" lorúkọ mi.

Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ bàbá mi, ilé fọ́tò ni wọ́n ti yà á lọ́dún 1974. Ikán ti jẹ férémù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ojú bàbá ṣì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì bi fọ́tò yẹn ní pásíwọ́ọ̀dù rí.

Ẹ ó ní, "Ṣùgbọ́n WhatsApp ń tọ́jú ẹ̀ fúnra ẹ̀." Irọ́ ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ lọ sí Chat backup, ẹ wo ọjọ́ tó ṣe é kẹ́yìn. Bí ẹ kò bá yí ètò ẹ̀ padà, Wi-Fi ló ń dúró dè. Wi-Fi wo? Nílé ta? Ẹni tó ń ra dátà ₦500 lójúmọ́, fóònù ẹ̀ á máa dúró de Wi-Fi títí tí ọkọ̀ á fi gun un. Ẹ yí i sí dátà, ẹ yọ fídíò kúrò kó má baà gbé owó lọ, ẹ jẹ́ kó ṣe é lóòru.

Lórí Android, ibi tó ń tọ́jú ẹ̀ sí, àkáǹtì Google yín ni. 15GB ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbínú míì tún wà níbẹ̀: ímeèlì ta ni? Ọmọ tó ta fóònù fún yín ló ṣí i. Kò kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin náà kò béèrè. Ọjọ́ tí ẹ bá nu fóònù náà, ó lè béèrè ímeèlì àtijọ́ yẹn. Ìdènà olè ni, ó ti wà lórí Android láti 2015, ẹ̀yin tí ẹ ni fóònù ló sì máa ń mú jù. Ìyá aláta kan gbé tiẹ̀ wá, orúkọ àwọn tí kò mọ̀ rí ló kún inú ẹ̀: pásítọ̀, fọkanáísà, "Sweetheart 2". Ímeèlì tara ẹ̀ ni ọmọ yẹn fi sí fóònù gbogbo oníbàárà. Orúkọ gbogbo wọn ti dàpọ̀ mọ́ra wọn. Ìyá ní, "Ọmọ mi, ta ni Sweetheart 2?" Mo ní n kò mọ̀, mà. Ó ní ọkọ òun ti kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ ṣí ímeèlì tiyín. Ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ sínú ìwé, kì í ṣe sínú fóònù kan náà. Fọ́tò ogún tí ẹ fẹ́ràn jù lọ́dún, ẹ tẹ̀ wọ́n jáde sórí ìwé. Kò tó owó pọ́ọ̀ṣì.

Iye tí mo kà dé ti sọ nù mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn tó kù:

Kódù nọ́ńbà mẹ́fà tó wọ fóònù yín, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, ọmọ ìjọ yín ni o, ọ̀rẹ́ yín ni o. Ẹni tó ń béèrè ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín; wọ́n ti gba WhatsApp ọ̀rẹ́ yín ṣáájú ni. Ẹ lọ fi PIN sí Two-step verification nínú WhatsApp.

Fóònù tòkunbọ̀: kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ tẹ *#06#, ẹ fi nọ́ńbà 15 tó bá jáde wé ti ara páálí. Ẹ pe ẹnì kan lórí ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò. Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́. Àwọn tó bá ní "ẹ má ṣèyọnu, ó ń ṣiṣẹ́" ni ẹ gbọ́dọ̀ yọ lẹ́nu jù.

Fóònù lábẹ́ ìrọ̀rí, lórí ṣájà, mọ́jú. Háà.

Èyí tó kẹ́yìn, iṣẹ́ tèmi ló máa bà jẹ́, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Ẹ má kàn gbé fóònù lé oníṣẹ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù lórí bébà, kí ẹ wá ní ẹ ń bọ̀ lọ́la. Ẹ yọ síìmù. Ẹ jáde nínú áàpù báńkì. Bí ojú fóònù nìkan ló fọ́, ẹ jókòó tì mí títí màá fi ṣe é tán. A kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ wò ó bóyá kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́, ibi tí mo bá ti tẹ kámẹ́rà ni àwọn fọ́tò yín ti ń yọ. Mo ti rí ohun tí n kò béèrè láti rí. Bí ẹ bá wá gba fóònù yín tí ẹ rí i pé ilẹ̀ ni mo ń wò, ẹ sanwó, ẹ máa lọ.