Bí ríìmù alumíníọ̀mù mi ṣe ṣíwọ́ jíjò ní Kétu

Táyà iwájú mi, èyí tí kò ní túùbù, máa ń rọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wálẹ̀ láti bar (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) 2.2 sí 1.5. Fọkanáísà àkọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́, jíjò náà kò tán. Ẹnì kejì ní kí n ra táyà tuntun. Mo rà á, ó ṣì ń jò. Owó yẹn dùn mí.

Bàbá kan nítòsí ọjà da omi ọṣẹ sí i kí wọ́n tó dárúkọ owó rárá. Etí ríìmù ló ń hó, kì í ṣe ara táyà. Wọ́n tú u: ohun funfun bí ẹfun ti dì mọ́ ibi tí rọ́bà ń jókòó. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á dán, wọ́n fi gọ́ọ̀mù dúdú pa á, wọ́n pààrọ̀ fáàfù, ibi tí a ń gbà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà. Oṣù méjì rèé, kò jò mọ́. Bí ríìmù tìrẹ bá sán, èyí lè má tó.