Ẹ̀yìn ẹṣin ń dùn ún: gàárì ni àbí ìwà?

Ọmọkùnrin kan tó ń fi ẹṣin gbé àwọn àlejò rìn létí òkun Badagry ló bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí, díẹ̀díẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi náà ti ba ẹ̀yìn ẹṣin jẹ́ rí kí n tó gbọ́n.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o. Ẹṣin mi pupa yìí kì í bá ẹnikẹ́ni jà tẹ́lẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù méjì, bó bá ti rí gàárì lọ́wọ́ mi báyìí, á tẹ etí sẹ́yìn. Tí mo bá ń fa okùn abẹ́ ikùn, á fẹ́ gé mi jẹ. Àwọn kan ní kí n nà án.

Ìdáhùn: Má nà án, àbúrò. Ẹṣin kò lẹ́nu tó máa fi sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun. Etí àti eyín ló fi ń sọ ọ́. Kó o tó wá irinṣẹ́ kankan, lo ọwọ́ rẹ. Tú gàárì kúrò, kó o fi ìka mẹ́ta tẹ ẹ̀gbẹ́ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, láti èjìká títí dé ìbàdí, bí ìgbà téèyàn ń tẹ máńgòrò wò bóyá ó ti pọ́n. Ibi tó bá ti rẹ ẹ̀yìn sílẹ̀ tàbí tí awọ rẹ̀ gbọ̀n, fi ẹfun sàmì síbẹ̀.

Wo irun rẹ̀ náà. Irun funfun tó hù lójú ibi tí gàárì ń jókòó lára ẹṣin pupa kì í ṣe ẹwà. Gàárì ti tẹ ibẹ̀ pa nígbà kan rí, ó sì lè jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín ṣáájú rẹ. Àmọ́ tí ojú ọgbẹ́ bá là, má wọn nǹkan kan mọ́: gàárì ò gbọdọ̀ kan ibẹ̀, pe dókítà ẹranko.

Ìbéèrè: Kò sí ọgbẹ́. Àmọ́ tí mo bá tú gàárì lẹ́yìn iṣẹ́, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ á rin fún òógùn, ibì kan ní ẹ̀gbẹ́ èjìká, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, á sì gbẹ táútáú. Ọ̀rẹ́ mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé afẹ́fẹ́ ń wọ ibẹ̀.

Ìdáhùn: Ohun méjì ló lè fà á. Ó lè jẹ́ pé gàárì tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé òógùn ò ráyè jáde. Ó sì lè jẹ́ pé gàárì ò kan ibẹ̀ rárá. Ẹfun náà ló máa yanjú ẹ̀. Lọ̀ ọ́ kúnná, fi pa ẹ̀yìn ẹṣin nígbà tó gbẹ, gbé gàárì lé e láìsí bùláńkẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tí kò wúwo jókòó lé e fún ìṣẹ́jú kan. Gbé gàárì sókè tààrà, má wọ́ ọ, kó o wá yí inú rẹ̀ sókè.

Ibi tí ẹfun bá kì sí, ibẹ̀ ló ń tẹ̀. Bó bá kì níwájú àti lẹ́yìn, tí àárín mọ́ féfé, gàárì rẹ ń ṣe bí afárá, gbogbo ìwúwo ń bọ́ sórí igun mẹ́rin péré. Ìyẹn wọ́pọ̀ nínú gàárì onígi, torí igi kì í tẹ̀ fún ẹ̀yìn ẹṣin.

Ìbéèrè: Ẹfun kì síwájú lóòótọ́, ní ẹ̀gbẹ́ èjìká gan-an. Mo wá ká fóòmù sí méjì sábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló ta mí nípàá.

Ìdáhùn: Á ta ọ́ nípàá kẹ̀! Bàtà há mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, o tún lọ wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Àṣìṣe tí mo rí jù lọ nìyí, òun náà sì ni mo fi ba ẹṣin tèmi jẹ́. Fóòmù wúlò fún gàárì tó fẹ̀ jù díẹ̀. Èyí tó bá há, ṣe ló máa ń há sí i.

Wọn èjìká rẹ̀ kó o tó ra ohunkóhun. Wá wáyà iná tó nípọn, irú èyí tó jẹ́ pé bó o bá ṣe tẹ̀ ẹ́ ló máa dúró. Jẹ́ kí ẹṣin dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú (kì í ṣe lórí yanrìn tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sómi), kó gbé orí sí bó ṣe máa ń gbé e, kó má sì máa jẹko. Tẹ wáyà mọ́ ọn lára ní ìwọ̀n ìka méjì lẹ́yìn eegun èjìká. Rọra yọ ọ́, gbé e lé páálí, fi máàkà fà á, gé páálí náà, kó o wá kì í bọ abẹ́ iwájú gàárì. Wàá fojú ara rẹ rí ibi tó há. Kọ déètì sára páálí. Ẹṣin máa ń sanra, ó máa ń rù. Páálí ọdún tó kọjá lè ti di irọ́.

Ìbéèrè: Àlejò kan gbé ẹní oníṣẹ́ńsọ̀ kan wá láti òkè òkun, irú èyí tó ń wọn bí gàárì ṣe ń tẹ ẹ̀yìn ẹṣin, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ gàárì. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò fi àwọ̀ pupa kankan, tó jẹ́ àmì ibi tí ìtẹ̀ ti pọ̀ jù, hàn. Ó ní gàárì mi dáa. Ẹṣin ṣì ń jà.

Ìdáhùn: Ṣé ẹṣin dúró ni àbí ó ń rìn?

Ìbéèrè: Ó dúró.

Ìdáhùn: Mo fura. Ẹní yẹn kì í ṣe nǹkan ṣeréṣeré. Ilé iṣẹ́ novel ní ìlú Munich, Jámánì, ń ṣe ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Pliance, tó ní sẹ́ńsọ̀ 256. Kílópáskà ló fi ń ka ìtẹ̀. Àwọn olùwádìí máa ń kọminú bí ìtẹ̀ tó ga jù bá ti kọjá 30. Àmọ́ ẹṣin tó dúró gbọin kì í sọ gbogbo òótọ́. Bó bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ohun tó ń bọ́ sẹ́yìn rẹ̀ fi díẹ̀ ju ìwúwo ẹni tó gùn ún lọ. Bó bá bẹ̀rẹ̀ eré pẹ̀lẹ́, ó ń di bí ìlọ́po méjì àti àbọ̀. Ní kó tún un wọ̀n nígbà tí ẹṣin bá ń sáré. Kó gbọn yanrìn kúrò lára ẹní, kó nà án kó má ká, kó dá a padà sí òdo kẹ́ ẹ tó fa okùn ikùn. Bí pupa bá yọ lápá kan ṣoṣo, kó wo ẹni tó jókòó kó tó dá gàárì lẹ́bi: ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń jókòó gẹ̀gẹ̀ láìmọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, èèyàn wo ló ti wúwo jù fún un?

Ìdáhùn: Tépù télọ̀ tó ìyẹn ṣe. Wọn àyà rẹ̀ yíká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kó o wọn gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó èjìká dé ìdí, ní sẹ̀ǹtímítà. Fi àyà lọ́po àyà, lọ́po gígùn, kó o pín in sí ọ̀nà 11,880. Ẹṣin tí àyà rẹ̀ jẹ́ 150, tó gùn ní 140, máa wọn bíi kílò 265. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ìdá kan nínú márùn-ún ṣe òdiwọ̀n: 53 nìyẹn, gàárì wà nínú ẹ̀. Bí gàárì rẹ bá wọn kílò mẹ́wàá, 43 ló kù.

Mo mọ̀ pé oníbàárà ò ní gun òṣùwọ̀n lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Alàgbà tó bá sanra, jẹ́ kó di ìjánu mú kó ya fọ́tò, kí ọmọ rẹ̀ gun ẹṣin.